Tí wọ́n bá ní yẹ́lò káàdì yín ti kú, ẹ má tíì sáré lọ gba abẹ́rẹ́ míràn

Màámi ń lọ sí Accra fún ìkómọ. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Gánà. Àdéhùn ECOWAS fún wa ní 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n Gánà máa ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tá a ń pè ní yẹ́lò káàdì, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú fìka tọ́ ibi tí wọ́n fi bírò bulúù kọ 2010 sí: “Mà, káàdì yín ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ lọ gba òmíràn.”

Abẹ́rẹ́ tuntun á lo ọjọ́ 10 kó tó jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà. Èyí tó ká mi lára jù ni pé Màámi ti lé ní 60, àwọn dókítà sì máa ń ṣọ́ra kí wọ́n tó gún irú wọn ní abẹ́rẹ́ yìí. Kí la fẹ́ tìtorí ẹ̀ tún un gún lásán?

Mo ṣí ojú ewé Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí fóònù. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Káàdì àtijọ́ náà wà nínú òfin yìí. Mo bẹ òṣìṣẹ́ náà kó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá fi orúkọ inú káàdì wé ti ìwé ìrìnnà, ó wo kọ̀ǹpútà wọn, ó ní kí Màámi kọjá.

Mo ti tẹ ojú ewé yẹn sórí bébà, ó wà nínú ìwé ìrìnnà wọn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é fáwọn òbí tiyín náà.