Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Ọmọ Ní Ìwé Kíkà

Ohun tí ó ń pa ẹ̀kọ́ ìwé kíkà lára jù lọ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Ilé-Ifẹ̀ ni pé olùkọ́ ni ó ń ka ìwé, àwọn ọmọ kàn ń gbè é lẹ́yìn ni. Olùkọ́ á ka gbólóhùn kan, gbogbo kíláàsì á hó gèè tẹ̀lé e, ẹni tí ó bá sì ń kọjá lọ lóde á rò pé wọ́n ti mọ̀wé kà. Ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín ojú ìwé náà, kí ẹ ní kí ọmọ kan pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nítorí pé ṣe ni wọ́n há a sórí.

Ní ti ìwé kíkà pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà, olùkọ́ yóò kó ọmọ mẹ́rin sí mẹ́fà tí agbára wọn kò jìnnà síra jọ, oníkálukú yóò sì máa fi ohùn jẹ́jẹ́ ka gbogbo ìtàn náà fúnra rẹ̀, nígbà tí olùkọ́ ń tẹ́tí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di kí ọmọ kan dìde ka ìpínrọ̀ kan, kí ẹlòmíràn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò tíì kàn yóò máa wá ibi tí yóò kan òun, ẹni tí ó ti kà tirẹ̀ tán yóò ti wo ojú fèrèsé lọ, ọmọ tí ìwé kíkà nira fún yóò sì máa jẹ ìtìjú lójú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe yára pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ. Àṣìṣe yìí ni ó dùn mí jù, nítorí pé inú rere ni a fi ń ṣe é. Ká ní ohun tí ó wà nínú ìwé ni “Àkàndé gbé ọkọ́ lé èjìká, ó gba oko lọ,” tí ọmọ náà sì pe ọkọ́ ní ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò ti já a lẹ́nu kí ó tó dé “èjìká”. Bí a bá jẹ́ kí ó kà á dópin, tí a wá bi í léèrè bóyá ènìyàn a máa gbé ọkọ̀ lé èjìká, yóò rẹ́rìn-ín, yóò padà wo àmì orí ọ̀rọ̀ náà, yóò sì tún un pè fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a gbé ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn lé ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà lọ́wọ́.

Àṣìṣe mìíràn ni kí gbogbo kíláàsì máa ka ìwé kan náà nítorí pé orúkọ kíláàsì wọn ni a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ọ̀nà àyẹ̀wò tí Marie Clay, onímọ̀ nípa ìwé kíkà ọmọdé ará New Zealand, gbé kalẹ̀, ọmọ tí ó bá pe ọ̀rọ̀ 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó ti yẹ nínú 100 lè dá ìwé náà kà. Bí ó bá jẹ́ 90 sí 94, kí olùkọ́ wà nítòsí rẹ̀. Bí kò bá tó 90, ìwé náà ti le jù. Kò sí ohun ìtìjú nínú kí ọmọ kíláàsì kẹrin máa ka ìwé kíláàsì kejì.

Àṣìṣe mìíràn tí ó tún burú ni kí a ní kí ọmọ tí kò tíì lè ka Yorùbá tí ó ń sọ nílé máa dá ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà. Ní àgbègbè Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Síbẹ̀ àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti àkókò ìdákàwé, ìyẹn ìgbà tí ọmọ ń dá ìwé kà fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe ti ìwé mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ìwé kí ó má baà ya. Ìwé tí ọmọ ń kà gbọ́dọ̀ gbó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mú èyí tí ó wù ú nínú èyí tí agbára rẹ̀ ká, ẹ má sì ṣe fi ìbéèrè mẹ́wàá tì í lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà; kí ó sọ ohun tí ó dùn mọ́ ọn nínú ìtàn náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti tó. Bí ìwé kò bá kárí, kí ọmọ méjì jọ ka ẹyọ kan.

Àwọn olùkọ́ a máa sọ pé àwọn ọmọ ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ 50 jẹ́ ẹgbẹ́ mẹ́wàá tí ó ní ọmọ márùn-ún márùn-ún. Bí olùkọ́ bá pe ẹgbẹ́ méjì lójúmọ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn yòókù ń dá ìwé tiwọn kà dípò kí wọ́n máa da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ, kò sí ọmọ tí olùkọ́ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.