Ẹ má fa omi púùlù gbẹ lásìkò ọyẹ́

Ẹ̀yin ará wa l'Abuja tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dí ibi tí púùlù yín ti ń jò, ẹ jọ̀ọ́, ọyẹ́ ti ń bọ̀ o. Ẹ má torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú òtútù kí ẹ fa omi rẹ̀ gbẹ. Omi ló ń mú sìmẹ́ǹtì le. Bí atẹ́gùn gbígbẹ bá ń fẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, tí oòrùn ọ̀sán pa á, tí òtútù òru tún mú un, yóò sán bí ètè ni. Bí sìmẹ́ǹtì náà kò bá tíì gbẹ, tí ẹ kò sì tíì da omi sínú púùlù, ẹ fi àpò kòkó tí ẹ rẹ sómi bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán.

Omi á máa fà lóòótọ́. Ẹ fi tàpólì bò ó, torí owó omi táńkà kì í ṣe kékeré. Kí ẹ tó pe oníṣẹ́ padà, ẹ bu omi púùlù sínú garawa, ẹ gbé e sórí àtẹ̀gùn inú rẹ̀, ẹ sàmì sójú omi méjèèjì, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ tó ń fa omi púùlù. Lẹ́yìn wákàtí 24, bí wọ́n bá fà bákan náà, ọyẹ́ ni. Bí ti púùlù bá lọ sílẹ̀ jù, ó ṣì ń jò nìyẹn.