Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Àbá Lórí Ètò Ìdájọ́ Àwọn Ọmọdé Ìbílẹ̀ Ọsirélíà

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé àbá sí ìgbìmọ̀ aṣòfin lórí ọ̀ràn àwọn ọmọ Aborigine àti ti erékùṣù Torres Strait tí wọ́n wà ní àtìmọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọwọ́ ẹni tí agbára wà. Ní Ọsirélíà, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú òfin ọ̀daràn tí ó kan ọmọdé, òun náà ni ó sì ń darí ilé àtìmọ́lé wọn, nítorí náà ìwé tí ó ń bẹ ìjọba àpapọ̀ ní Canberra pé kí ó ti Banksia Hill, ilé àtìmọ́lé àwọn ọmọdé ní Perth, pa ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a lè bi ìjọba àpapọ̀ ni àdéhùn tí ó fọwọ́ sí. Ní ọdún 1990 ni ó gba Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí ó ní kí a má ti ọmọdé mọ́lé àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2020, òun àti gbogbo ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti agbègbè fọwọ́ sí Closing the Gap, àdéhùn lórí dídín àlàfo tó wà láàárín àwọn ará ìbílẹ̀ àti àwọn ará Ọsirélíà yòókù kù, tí ó ní kí ìwọ̀n àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí ó wà ní àtìmọ́lé fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, dín kù nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2031.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà. Ká ní ọjọ́ orí tí a lè fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ọmọ ni. Ní ibi púpọ̀, ọmọ ọdún 10 ni, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ó yẹ kí ó tó 14. ACT, agbègbè tí Canberra wà, gbé e sí 12 ní ọdún 2023, ó sì gbé e sí 14 ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn ẹ̀sùn líle kan sọ́tọ̀. Ìtàn agbègbè Northern Territory ni mo rò pé ó wúlò jù fún ìwé yín: ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn àwòrán ìyà tí a fi jẹ àwọn ọmọ ní ilé àtìmọ́lé Don Dale níbẹ̀ dá a lábàá pé kí ó di 12, ọdún 2023 ni ó di 12, ìjọba tuntun sì dá a padà sí 10 ní ọdún 2024. Nítorí irú èyí, ẹ wo òfin bí ó ti rí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń kọ̀wé.

Àwọn tí kò fẹ́ ìyípadà yóò mú doli incapax wá, ìyẹn òfin pé kí ọmọ tó pé ọdún 14, àwọn tí ó pè é lẹ́jọ́ ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé ó mọ̀ pé ohun tí òun ṣe burú gidigidi. Ẹ má ṣe yẹra fún un. Ẹ dáhùn pé ọmọ lè ti wà ní àtìmọ́lé fún ìgbà pípẹ́ kí ilé-ẹjọ́ tó gbé ìbéèrè yẹn yẹ̀ wò.

Ní ti ẹ̀rí, àbá àtijọ́ tí ìjọba kò mú ṣẹ máa ń nípọn ju èrò tuntun lọ. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ikú ènìyàn ìbílẹ̀ 99 ní àtìmọ́lé dá àbá 339 ní ọdún 1991, àwọn kan nínú wọn sì kan ọmọdé ní tààrà. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 10 sí 17 lọ, síbẹ̀ wọ́n ju ìdajì àwọn tí ó wà ní àtìmọ́lé.

Ẹ fi ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ tì í. Ní ìlú Bourke, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó ń darí Maranguka, ètò tí ó ń ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa dé ilé-ẹjọ́; ní Youth Koori Court, ilé-ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìbílẹ̀ ní Parramatta, àwọn àgbà Aborigine ń jókòó pẹ̀lú adájọ́. Èmi kò ka ìwé tí kò mẹ́nu ba iṣẹ́ tí àwọn ará ìbílẹ̀ fúnra wọn ń ṣe sí ìwé tí ó parí.

Bí ẹ bá ń sọ ìtàn ọmọ kan, ẹ yọ orúkọ, ilé-ìwé àti ìlú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì béèrè pé kí ìgbìmọ̀ má ṣe tẹ ìtàn náà jáde. Ẹ kọ àbá yín sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, kí ẹ má sì gbé e síta fúnra yín kí ìgbìmọ̀ tó gbà á wọlé.