Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìn tó sán: ẹ má tíì pe jórinjórin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má tíì pe jórinjórin! Ohun tí mo rí tó ń ba búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìn gan-an, jẹ́ jù nìyẹn, èèyàn á rí i tí omi ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìn, kíá ó ti ní kí wọ́n bá òun jó o, rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń jó géètì náà ni wọ́n á sì fi jó o. Irin géètì kọ́ nirin búlọ́ọ̀kù o. Búlọ́ọ̀kù Peugeot 504, irin dídà ni, irin dídà kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń ṣẹ́. Tíná bá mú ojú kan tí ìyókù ṣì tutù, bójú yẹn bá ṣe ń tutù padà ló ń súnkì, á wá tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó gan-an, nígbà míì kí jórinjórin tó palẹ̀ mọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ, "kọ́"! Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ yáná sí gbogbo ẹ̀, á lo rọ́ọ̀dù oní-níkẹ́ẹ̀lì, á jó o díẹ̀díẹ̀, á wá rì í mọ́ yanrìn gbígbẹ kó tutù fúnra ẹ̀. Ti Corolla 2003 tún yàtọ̀, alumíníọ̀mù ni, kó tó dé 660 dígírì ló ti ń yọ́.

Ọ̀nà àtúnṣe tí mo fẹ́ràn jù ò níná nínú rárá: wọ́n á lu ihò kékeré sí ìpẹ̀kun méjèèjì ibi tó sán kó má bàa sáré lọ mọ́, wọ́n á wá fi skrúù irin rán an tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń rán aṣọ. Àwọn tí kì í lu ihò yẹn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, ó ti tún là síwájú.

Gọ́ọ̀mù oní-méjì tẹ́ ẹ ń pò pọ̀ ńkọ́? Ó lè dúró níta níbi tómi ń gbà, tẹ́ ẹ bá ha á títí irin fi ń dán tẹ́ ẹ sì fọ ọ́ìlì kúrò. Ẹ má fi sí inú sílíńdà, ihò tí písítìn ti ń lọ sókè sódò, láé.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ṣé búlọ́ọ̀kù ló sán lóòótọ́? Ọ́ìlì tó funfun bíi tíì oní mílíìkì, top gásíkẹ́ẹ̀tì tó bà jẹ́ (ìyẹn èyí tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti orí ẹ́ńjìn) nìkan lè fà á. Ẹ ní kí wọ́n tẹ atẹ́gùn sí i kí wọ́n lè rí ibi tó ń jò.

Àmọ́ tí kọnẹ́tìn rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kránkì) bá ti fọ́ ọ jáde, tàbí ibi tí kránkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìn, jókòó ló sán, ẹ lọ ra búlọ́ọ̀kù míì ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n tẹ atẹ́gùn sí tọ̀hún náà kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín.