Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó Bàtà Iṣẹ́, Ẹ Lóṣòó Níwájú Oníbàtà

Ẹ̀yin tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì, ẹ̀yin fìsíò tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìrìn, ẹ̀yin OT (occupational therapist) tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ láti máa dá nǹkan ṣe fúnra ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ lọ ra "bàtà nọ́ọ̀sì", irọ́ kọ́ ló pa, ó kàn jẹ́ pé kò sọ ọ́ tán ni. Nọ́ọ̀sì ń dúró, ó ń rìn. Àwa náà ń dúró, a sì ń rìn, àmọ́ a tún máa ń kúnlẹ̀, a máa ń lóṣòó, a máa ń ká ẹsẹ̀ jókòó lórí máàtì, a máa ń fẹ̀yìn rìn, tọ́mọ bá wá já lọ sọ́nà géètì báyìí, eré dé nìyẹn. Bàtà tó bá lè ṣe gbogbo ẹ̀ tó wá já yín kulẹ̀ lórí ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn ló máa gbé yín lulẹ̀.

Torí náà tẹ́ ẹ bá dé Sábó, tàbí ṣọ́ọ̀bù yòówù tẹ́ ẹ bá ti ń rajà ní Ìkòròdú yìí, ẹ má kàn ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kẹ́ ẹ máa wo ara yín nínú dígí. Ẹ lóṣòó. Oníbàtà á máa wò yín tìyanu-tìyanu, ẹ jẹ́ kó máa wò, owó yín kò ṣáà tíì dé ọwọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti lóṣòó, gìgísẹ̀ máa gbéra nílẹ̀, gbogbo ara á wá dá lé iwájú ẹsẹ̀, ibi tí ìka ti bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí bàtà ti ká. Tó bá jẹ́ àárín ẹ̀ ló ti ká, kò lè gbé ẹsẹ̀ ró. Tí kò bá ká rárá, á máa gé yín lókè ìka, kó tó dọ̀sán ẹ ó ti máa wá ibi tẹ́ ẹ máa bọ́ ọ sí. Ẹ tún fọwọ́ méjèèjì dì í mú, iwájú lọ́wọ́ kan, ẹ̀yìn lọ́wọ́ kejì, kẹ́ ẹ lọ́ ọ, tó bá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi ẹ̀ dànù, ẹ dá a padà fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fẹ̀yìn rìn. Àwọn fìsíò á ti mọ ohun tí mò ń sọ. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ìrìn, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú, ẹ kọjú sí i, orúnkún ẹ̀ lẹ̀ ń wò, ẹ̀yìn lẹ wá ń lọ, ẹsẹ̀ yín nìkan ló mọ ibi tó ń tẹ̀. Sílípáàsì máa yọ kúrò lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, bàtà tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí náà máa yọ, ẹ̀yin àtọmọ lẹ jọ máa bára yín nílẹ̀. Crocs tí gbogbo wa fẹ́ràn yìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ da okùn ẹ̀yìn ẹ̀ sẹ́yìn kó di gìgísẹ̀ mú, kì í ṣe kẹ́ ẹ gbé e sórí bàtà bí ọ̀ṣọ́.

Iwájú bàtà gbọ́dọ̀ dé pa, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Táyà kékeré iwájú wíìlìṣíà kì í bẹ̀bẹ̀ kó tó gun èèyàn lẹ́sẹ̀, ọmọ tó wọ irin tàbí ike tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ ró, tó bá tẹ̀ yín mọ́lẹ̀, ẹ ó pariwo, búlọ́ọ̀kù onígi tí wọ́n sì ń jù kò mọ tíṣà yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà wa ilé ayálégbé ni wọ́n tẹ́lẹ̀, táìsì pálọ̀ onílé ló ṣì wà níbẹ̀, èyí tó ń dán gbinrin. Ẹ da itọ́ ọmọ sí i, ẹ da ẹ̀kọ mímu sí i, ká má tíì sọ ti ìtọ̀. Sóòlù tó le tó sì ń dán, tẹ́ ẹ bá fi èékánná kàn án tó ń dún kò-kò, kì í ṣe tiwa. Rọ́bà ni kẹ́ ẹ wá, èyí tó rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n gé ìlà-ìlà sísàlẹ̀ ẹ̀ kómi lè rí ibi gbà. Ẹ bẹ oníbàtà kó jẹ́ kẹ́ ẹ ta omi píọ́wọ́tà díẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, tó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíì. Ẹ̀wẹ̀, bàtà tó gba ilẹ̀ mú dáadáa náà ní wàhálà tiẹ̀ o: tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ kúrò lórí wíìlìṣíà, ẹ má dúró sójú kan kẹ́ ẹ máa lọ́ ara, torí bàtà ò ní yí, orúnkún yín ló máa yí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kẹ́ ẹ fi yíjú.

Ibi tí mo ti fẹ́ jókòó dáadáa nìyí, torí oníbàtà kankan ò lè sọ ọ́ fún yín. Ọmọ tó jókòó sílẹ̀, bàtà yín ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú yín. Tó bá ń tan iná, tó ní gílítà, tó ní irin ìdè tó ń dán, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ohun tẹ́ ẹ gbé lọ́wọ́ ò ní wù ú mọ́. Ti ariwo tún wà. Ọmọ ọ́tísíìmù tí etí ẹ̀ ò gba ariwo lè ti dọwọ́ bo etí kẹ́ ẹ tó wọlé tó bá jẹ́ bàtà gogoro lẹ wọ̀ tó ń dún kò-kò-kò bọ̀ láti kọ́rídọ̀. Sìníkà tuntun míì náà ń han lórí táìsì, ẹ rìn ín gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń lẹ̀ mọ́ra láìlókùn, mo fẹ́ràn wọn torí wọ́n yá bọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fà á, ó máa ń dún ràá, ẹ lọ bọ́ ọ níta. Okùn sì rèé, ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fà á, iṣẹ́ tó máa ṣe títí di àkókò ìpápánu nìyẹn, ẹ ki orí okùn bọ inú, tàbí kẹ́ ẹ ra okùn rọ́bà tí kò nílò kẹ́ ẹ so ó. Òórùn ńkọ́? Bàtà tuntun tí gáàmù ẹ̀ ṣì ń rùn, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ wọlé ọmọ. Ìbọ̀sẹ̀ náà, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́, torí ẹ máa bọ́ bàtà lórí máàtì, ọmọ ò sì ní fi ìtìjú bo yín láṣìírí.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan wà tó ní dandan àfi bàtà gogoro kí àwọn òbí lè rí i pé "a jẹ́ pùròfẹ́ṣọ́nà". Kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ fi gbé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan péré. Gíga ẹ̀yìn bàtà kó má ju ìka méjì lọ. Ṣùgbọ́n fúláàtì tó tín-ín-rín bí ìwé yẹn náà ò dáa, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lẹ máa mọ̀.

Nọ́ńbà bàtà, ẹ má gbára lé e. 40 ti kọ́ńpìnnì kan lè há yín lẹ́sẹ̀, kí 40 ti òmíràn máa ṣí lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ rà á, ìgbà tẹ́sẹ̀ ti wú díẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi wọ̀ ọ́ dání, kẹ́ ẹ wọ méjèèjì, torí ẹsẹ̀ méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Níwájú ìka tó gùn jù, ó yẹ kí àyè tó sẹ̀ǹtímítà kan ṣẹ́ kù. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń rà á, lọ́dọ̀ àwọn "DM fún iye ẹ̀" yẹn, ẹ dúró lórí pépà, kí ẹnì kan bá yín fi bírò tọ ẹsẹ̀ yín, ẹ wọn gígùn ẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi ẹni tó ń tà á bí inú bàtà ṣe gùn tó, kì í ṣe nọ́ńbà.

Ọkirikà ò burú, òun gan-an ló ń gba ọ̀pọ̀ wa là. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, tó bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn ẹlòmíì lẹ fẹ́ máa rìn nínú ẹ̀ yẹn. Ẹ fi èékánná tẹ sóòlù tó dà bíi fóòmù, tó bá ń bú bíi búrẹ́dì gbígbẹ tàbí ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ó ti pẹ́ jù nínú bélì (ìdì ọkirikà), kò ní pẹ́ tó fi máa já lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà yẹn náà ló jẹ́ kí n máa sọ pé bàtà méjì ló yẹ, ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ gba potopoto àdúgbò Agric lásìkò òjò tàbí tó máa wọkọ̀ ojú omi l'Èbúté kò lè wọ bàtà kan náà gun máàtì ọmọ. Ẹ wọ èyí tó lè fara da ẹrẹ̀ wá, kí tibi iṣẹ́ máa gbé ibi iṣẹ́. Ọṣẹ àti omi ti tó fọ̀ ọ́, ẹ má da Jik sí i gbuurugbu, á bá àwọ̀ ẹ̀ jẹ́. Irú Crocs, ẹ má sá a sójú oòrùn gangan, ooru máa ń jẹ́ kó sún kì.

Tẹ́ ẹ bá ń jí láàárọ̀ tí gìgísẹ̀ ń ro yín bẹ́ ẹ ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ má kàn sáré lọ ra bàtà míì, ẹ jẹ́ kí fìsíò tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wò ó, ó ṣáà wà nínú yàrá kejì.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé bàtà sórí tábìlì kẹ́ ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Tó bá ti ṣegbẹ̀ẹ́, tàbí tí ìlà ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti parẹ́, ó tó pààrọ̀. Ṣúmékà lè bá yín pààrọ̀ sóòlù bàtà aláwọ, ṣùgbọ́n fóòmù tó ti tẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe é, ẹ máa fi ìyẹn fọ báfúrúùmù nílé.