Ìrírí mi: bí mo ṣe dá àwọn dókítà tuntun lẹ́kọ̀ọ́ lórí àńtíbáyọ́tíìkì

Apòògùn ni mí ní ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀gá wa ní kí n dá àwọn dókítà tó ń ṣe house job lẹ́kọ̀ọ́ lórí àńtíbáyọ́tíìkì, fáìlì aláìsàn ni mo kó jáde. Mo bo orúkọ, mo wá ń bi wọ́n lórí oògùn kọ̀ọ̀kan: kòkòrò wo lẹ fẹ́ fi èyí pa?

Èsì tó pọ̀ jù ni "táífọ́ọ̀dù". Ẹ̀rí wọn ńkọ́? Widal 1/160, ìyẹn nọ́ńbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún táífọ́ọ̀dù gbé jáde. A jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Widal kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi ń bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà lára ẹni tí àìsàn náà ti ṣe rí tàbí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Màlíríà pàápàá lè gbé nọ́ńbà náà sókè. Mo ní kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ fún culture, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọlé. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá jẹ́ Widal la fẹ́ tẹ̀ lé, gbogbo Ìbàdàn ló ní táífọ́ọ̀dù. Kò kúkú parọ́.

Mo fi bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe pín àńtíbáyọ́tíìkì sí ọ̀nà mẹ́ta lọ́dún 2017 hàn wọ́n: Access, tí a lè kọ́kọ́ nawọ́ sí, Watch, tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, Reserve, tí a fi pamọ́. Access ni amoxicillin wà. Ceftriaxone tí wọ́n ń kọ bí ẹni kọ Panadol, Watch ni tirẹ̀, òun àti ciprofloxacin. Ẹnu yà wọ́n.

Ìyá ọmọ ló le jù. Mo ní kí ọ̀kan ṣe bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì ń wúkọ́, tí imú rẹ̀ ń ṣomi. Àṣé òṣèré ni! "Dókítà, mo wọkọ̀ láti Mọ́níyà wá, ẹ wá ní kí n máa fún un lómi mu?" Ẹni tó ṣe dókítà ti fa bírò yọ. Mo ní kó gbé bírò sílẹ̀, kó ká aṣọ ọmọ sókè, kó ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan lójú ìyá rẹ̀. Bí kò bá tó 40, tí àyà kò wọnú, tí ọmọ ń jẹ tó ń mu, kí ni àńtíbáyọ́tíìkì fẹ́ ṣe fún ọ̀fìnkìn? Kó wá sọ fún ìyá pé bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò lè mumi, tàbí tí gìrì mú un, kó gbé e padà wá kíá, ì báà jẹ́ òru. Lójú tèmi, èémí tí a kà yẹn ń fi ìyá lọ́kàn balẹ̀ ju ìwé oògùn lọ.

Ní báyìí, wọ́n ń kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ oògùn, àti ọjọ́ tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò, láàárín wákàtí 48 sí 72. Àmọ́ ìgò culture kì í sí ní wọ́ọ̀dù lópin ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí mo kọ́ ọ lálẹ́ Sátidé kò ní rí nǹkan fa ẹ̀jẹ̀ sí. Mo ti kọ̀wé sí láàbù. Wọn ò tíì fèsì.