Agbẹ̀bí tó ń hun orin

Ọmọ ọdún 51 ni mí kí n tó hun orin àkọ́kọ́. Agbẹ̀bí ni mí ní Kétu. Tí ẹ bá ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ máa dilẹ̀, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láé. Orí alùpùpù ni tèmi ti ń wá, tí mo bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀: màá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, màá fi fóònù gbà á sílẹ̀.

Ohùn ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Níbi ìkómọ kan, mo gbé ìparí “ọkọ” sókè, àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín: ọkọ́ tí a fi ń ro oko ni wọ́n gbọ́! Ẹ kọ́kọ́ sọ ìlà náà lẹ́nu lásán, kí ẹ tó wá ohùn tó bá a lọ. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀, ìyẹn àwọn akọrin ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mọ èyí dunjú. Ẹ lọ gbọ́ wọn lóru. Ègbè, ẹ jẹ́ kó kúrú. Ìlù ṣì lè dúró.